Ihò inú Páànù: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Àwòrán nínú Iná Orí Ìtàgé

 

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iná. Iṣẹ́ mi ni láti ka ìwé eré onítàn, kí n sì kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ti ń kà á. Ṣùgbọ́n eré onítàn kì í parí sí inú ìwé. Bí ó bá ti gun orí ìtàgé, ohùn òṣèré, aṣọ tí ó wọ̀, ìlù tí ń dún lẹ́yìn rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e, gbogbo rẹ̀ ni ó di ara ọ̀rọ̀ tí òǹwòran ń kà. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ ni àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti pa tì jù. A ó kọ ọ́ sínú àríwísí wa pé iná tàn, pé iná kú, a ó sì kọjá lọ.

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò lónìí. Nínú àwọn iná orí ìtàgé òde òní, irú èyí tí ń yí ọrùn fúnra rẹ̀ láì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án, kẹ̀kẹ́ kan wà tí ó gbé àwòrán yí etí rẹ̀ ká. Kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ń jẹ́ kí iná ya ewé, ìràwọ̀ tàbí ojú fèrèsé sí orí ilẹ̀ àti sí ara ògiri. Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n tí a fi ṣe é kì í ṣe àjèjì sí Abẹ́òkúta rárá, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a máa ra gbogbo àwòrán tí ó wà lórí rẹ̀ láti òkè òkun bí ẹni pé a kò ní ọwọ́. Kí n tó lè fi ìdí èyí múlẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ.

Páànù ní Abẹ́òkúta

Ìgbẹ̀ìn, níbi tí mo gbé dàgbà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá Aláké tí wọ́n tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ lẹ́yìn tí wọ́n dé ibẹ̀ ní 1830. Kò jìnnà sí Ìtòkú, tí ó jẹ́ ojúko àdìrẹ ní Abẹ́òkúta títí di òní. Oríṣiríṣi ni àdìrẹ. A ní èyí tí a ń fi ìko dì, a ní èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ rán, a sì ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Láfún ni a ń sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Ibi tí ẹ̀kọ yìí bá gbà lára aṣọ funfun, aró kò ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a bá rẹ aṣọ náà sínú aró ní ìgbà mélòó kan, tí ó gbẹ, tí a sì ha ẹ̀kọ náà dànù, ibẹ̀ yóò yọ ní funfun tàbí ní àwọ̀ ojú ọ̀run, gbogbo ìyókù yóò sì dúdú.

Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń kọ ẹ̀kọ náà sára aṣọ, ọwọ́ wọn ni ó sì bí àdìrẹ Ìbàdàndún tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni ó gbajúmọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọkùnrin ti ń gé àwòrán sára irin pẹlẹbẹ tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀: òjé tí a fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tí ó ń ti òkè òkun wá, agolo tí a là tí a sì lù títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, àti páànù síǹkì. Irin kékeré mímú àti òòlù ni wọ́n fi ń gé e. Wọ́n á gbé páànù lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ kùn ún kí ó lè gba inú ihò kọjá, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á sì tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí aṣọ yóò fi kún. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ tó ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ìyá aláró.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn agépáànù wọ̀nyí bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó fẹ́ gé. Ibi tí kò gbọdọ̀ gé ni ó kọ́kọ́ ń fi ẹfun sàmì sí. Èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ àmì yẹn, nítorí òun ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Bí a bá fi páànù oníhò kọ nọ́ńbà sára àpò kòkó, ibi tí ihò wà ni ó ń dúdú, nítorí tàdáwà ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ yí ìyẹn po. Ihò ni ó ń di funfun lára aṣọ. Ibi tí páànù bò ni aró ń gbà. Ẹni tí ó ń gé páànù ní Ìtòkú, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gé, òkùnkùn ni ó sì ń fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ń gé àwòrán fún iná orí ìtàgé ń ṣe. Ibi tí ihò wà ni iná ń gbà kọjá. Ibi tí irin wà ni òkùnkùn wà. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí tí mo mọ̀, n kò rí èyí tí ó sún mọ́ iṣẹ́ iná tó báyìí.

Bí iná ti kọ́ àwòrán yíyà

Ní 1659, Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi yíyà hàn bí àtùpà ṣe lè gbé àwòrán tí ó wà lára dígí sí ara ògiri. Ọgbọ́n yìí tàn káàkiri Yúróòpù, kò sì pẹ́ tí ó di ohun ìdárayá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sí òpin, àwọn eléré ìtàgé ti ń gbé àwo dígí róbótó, tí a ya ìkùukùu tàbí òjò sí lára, sí iwájú iná, tí ẹ̀rọ bí ti aago sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, kí òǹwòran lè rò pé ojú ọ̀run ni ó ń rìn. Èyí ni mo kà sí bàbá ńlá kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí páànù oníhò wúlò gan-an nínú iná ni àtùpà tí Joseph Levy àti Edward Kook ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1933. Àwo dídán tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ bí ikùn ẹyin, ó sì ń kó ìtànṣán jọ sí ojú kan ṣoṣo kí ó tó tú u jáde; bí a bá fi irin oníhò sí ojú ibẹ̀, àwòrán rẹ̀ yóò yọ kedere ní òdì kejì gbọ̀ngàn. Wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n sì sọ àtùpà náà ní Leko. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín mi o: láàárín àwọn ọdún 1930 kan náà tí Leko ń kọ́ bí a ti ń fi páànù ya ìmọ́lẹ̀ ní New York, àwọn ẹlẹ́kọ ń ṣe tiwọn ní Ìtòkú. Èmi mọ̀ pé orúkọ kò bá orúkọ tan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi èdè jẹun kò lè rí irú èyí kí ó dákẹ́.

Páànù inú iná yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní gobo. Ìtàn oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ti gbọ́ nípa orísun ọ̀rọ̀ náà, n kò sì gba ọ̀kankan gbọ́. Àwo oníhò ni èmi yóò máa pè é.

Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn 1933, àwo oníhò kan ni àtùpà kan lè gbé. Bí a bá fẹ́ òmíràn, ẹnìkan ní láti gun àkàbà, kí ó yọ èyí tí ó gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ, kí ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ní 1981 ni ìyípadà ńlá dé. Ilé iṣẹ́ Showco ní ìlú Dallas ṣe iná kan tí wọ́n pè ní Vari-Lite, tí ń yí ọrùn tí ó sì ń pa àwọ̀ dà fúnra rẹ̀. Àwọn olórin Genesis ni ó kọ́kọ́ lò ó fún òde eré wọn, ní pápá ìjà màlúù kan ní Barcelona, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ àwòrán ti di ohun tí a ń retí nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ìtàgé ní Amẹ́ríkà fi ẹnu kò lórí èdè kan ṣoṣo tí gbogbo iná yóò máa gbọ́, tí wọ́n pè ní DMX512, kí ẹni tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà lè máa bá iná tí ó ti ilé iṣẹ́ èyíkéyìí wá sọ̀rọ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ fi ojú inú wo iná náà bí ìgò gígùn tí ó dùbúlẹ̀. Gílóòbù wà ní ìdí rẹ̀, àwo dídán sì yí i ká. Ìtànṣán tí ó ti ibẹ̀ jáde ń pàdé ní ojú ihò tóóró kan ní àárín ìgò. Mo fẹ́ pe ojú ihò yìí ní bodè, nítorí pé kò sí ìtànṣán kan tí yóò jáde láì gba ibẹ̀. Lẹ́ǹsì wà níwájú bodè. Òun ni ó ń mú ohunkóhun tí ó bá wà ní bodè lọ ya sí ibi jíjìn. Lẹ́ǹsì náà sì ń dojú àwòrán délẹ̀: òkè di ìsàlẹ̀, ọ̀tún di òsì. Nítorí náà, orí igi gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ nínú iná kí ó tó lè wà lókè lára ògiri. Ibi yìí nìkan ni agépáànù Ìtòkú yóò ti ní ohun tuntun láti kọ́, nítorí aṣọ kì í dojú àwòrán dé.

Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ irin róbótó tí a lu ihò yí etí rẹ̀ ká. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ihò mẹ́jọ ni. A fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, kí iná lè jáde láì ní àwòrán. A sì fi àwo oníhò kọ̀ọ̀kan dí méje yòókù. A gbé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bodè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ó ti ń yí, ihò kan á kúrò ní bodè, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí i kì í yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ti fáànù. Ìgbésẹ̀ ni ó ń gbé. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, igba ìgbésẹ̀ ni ó ń gbé kí ó tó yípo lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, bí ẹ̀rọ náà bá mú kẹ̀kẹ́ tiwa yìí dání tààrà, ìgbésẹ̀ 25 ni ó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì.

Báwo ni ó ti mọ ibi tí ó wà? Ní gbàrà tí a bá tan iná, kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ yí láti wá òòfà kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí òòfà náà bá kọjá lójú ohun tí ń ṣọ́ ọ, ẹ̀rọ á mọ̀ pé ilé nìyí, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́, tí ó fo ìgbésẹ̀ mélòó kan, kò ní mọ̀ àfi bí òòfà bá tún kọjá. Ìdajì ewé àti ìdajì ìràwọ̀ ni a ó rí lára ògiri. Ní ti ẹni tí ó wà ní ìdí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan láti òdo dé 255 ni ó ń fi ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe iná ti pín àwọn nọ́ńbà náà: ìwọ̀nyí fún ewé, ìwọ̀nyí fún ìràwọ̀, àwọn tí ó wà lókè pátápátá fún kí kẹ̀kẹ́ máa yí láì dúró.

Irú kẹ̀kẹ́ kejì tún wà, òun ni ó sì wù mí jù. Nínú èyí, a kò kan àwo oníhò mọ́ ojú kan. A gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú òrùka tí ó ní eyín, gbogbo òrùka náà sì fi eyín kọ́ kẹ̀kẹ́ eléyín kan tí ó wà láàárín wọn. Bí èyí tí ó wà láàárín bá yí, gbogbo àwòrán á máa pòòyì ní àyè wọn. Bí ẹ bá rántí ohun tí olùkọ́ jọ́gíráfì kọ́ wa, pé ilé ayé ń yí ara rẹ̀ bí ó ti ń yí oòrùn ká, ẹ ti mọ bí kẹ̀kẹ́ yìí ti ń ṣe. Iná tí ó ní kẹ̀kẹ́ méjì lè fi ewé dídúró lé orí ewé tí ń yí. Bí a bá sì yí lẹ́ǹsì díẹ̀ tí àwòrán kò fi mú mọ́, ojú ìtàgé á di abẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń mi ẹ̀ka.

Ọ̀rọ̀ ìdè

Mo ti ṣe ìlérí pé n ó padà sí àmì ẹfun. Ẹ gbìyànjú láti gé lẹ́tà O sára páànù. Bí ẹ bá gé e yípo tán, àárín rẹ̀ á já bọ́, ihò gbàràmù ni yóò kù lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ara àpò kòkó fi máa ń já ní ibì kan tàbí méjì. Ibi tí ó já yẹn ni páànù tóóró tí ó di àárín mú wà. Ìdè ni mo pè é. Ìdè ni agépáànù kọ́kọ́ ń fi ẹfun sàmì sí. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà á fi ìdè ba àwòrán jẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n á sọ ìdè di iṣan ewé, di ìlà aṣọ, di irun orí.

Ẹ wo aṣọ tí à ń pè ní Olóba. Ní 1935, nígbà tí ọba George Karùn-ún àti ayaba Mary pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn ẹlẹ́kọ gbé àwòrán àwọn méjèèjì sára páànù, aṣọ náà sì ń jáde títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà. Ojú ènìyàn ni ohun tí ó ṣòro jù láti gé sára irin, nítorí kò sí ohun tí ó so ojú, imú àti ẹnu pọ̀ bí kò ṣe awọ ara. Àwọn tí ó gé Olóba rí ìdè fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èmi bá ń wo aṣọ náà, kì í ṣe ọba ni mo ń wò.

Ìṣòro yìí náà ni ó wà lára àwo oníhò ti iná. Òótọ́ ni pé a lè fi dígí ṣe é: a ó fi irin tín-ín-rín bo dígí, a ó sì ha ibi tí a fẹ́ kí iná gbà kúrò, dígí á di ohun gbogbo mú láì ní ìdè. Ṣùgbọ́n dígí wọ́n, ó sì ń fọ́. Irin ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí kò lówó púpọ̀, ibi tí irin bá sì wà, ìdè gbọ́dọ̀ wà.

Ewé ta ni?

Irú iná yìí ti wọ ilẹ̀ wa dáadáa. A ń rí i ní gbọ̀ngàn eré, ní ilé ìjọsìn ńlá àti níbi àríyá. Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá tún wà níbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀. Àwòrán tí ó bá kẹ̀kẹ́ wá láti ilé iṣẹ́ ni ẹ ó rí. Ìràwọ̀ wà níbẹ̀, fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti Yúróòpù wà níbẹ̀, ewé igi ilẹ̀ òtútù wà níbẹ̀. Mo ti rí èérún yìnyín olójú mẹ́fà lórí ìtàgé níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe eré ìjàpá.

Àwọn òṣìṣẹ́ iná máa ń dá mi lóhùn pé kò sí òǹwòran tí ó ń ka ewé lórí ilẹ̀. N kò lè gbà fún wọn, lítíréṣọ̀ tiwa ni kò sì jẹ́ kí n gbà. Abẹ́òkúta ni a bí Amos Tutuola sí ní 1920, ibẹ̀ náà ni a bí Wole Soyinka sí ní 1934. Ìwé ọ̀mùtí tí Tutuola tẹ̀ jáde ní 1952, inú igbó ni ó ti ṣẹlẹ̀ jù; Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko sì ni ó ṣe ọnà ìtàgé rẹ̀. A Dance of the Forests, tí Soyinka ṣe ní 1960 nígbà òmìnira, igbó wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá. Nínú irú eré wọ̀nyí, igbó kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lásán. Igbó ń gbọ́, igbó ń dáhùn. Ọmọ Yorùbá tí ó jókòó níwájú ìtàgé mọ ewé akòko yàtọ̀ sí ewé pèrègún, ó sì mọ ohun tí a ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Bí a bá wá tan ewé tí kò lórúkọ lẹ́nu rẹ̀ sí i lójú, igbó náà yadi.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun tí ó ti òkè òkun wá. Páànù àkọ́kọ́ ní Ìtòkú, inú àpótí tíì ni ó ti wá. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn aláṣọ àdìrẹ ti ń bá ayédèrú tí ẹ̀rọ òkè òkun tẹ̀ jìjàdù ní ọjà, iṣẹ́ páànù gígé sì ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà wa ń wá ẹni tí yóò gé àwo oníhò fún wọn. Ìwọ̀nba ìrìn ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nípa irin. Ọgbọ́n Ìtòkú lè wọ inú iná, ṣùgbọ́n irin Ìtòkú kò lè wọ̀ ọ́. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n Celsius 327, síǹkì ní nǹkan bí 420, bodè iná ńlá sì gbóná púpọ̀. Páànù ìbolé jẹ́ irin tí a fi síǹkì bò; bí ó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ènìyàn. Irin tí kì í dípẹtà, tí ó fẹ́lẹ́ bí ìwé líle, ni kí a lò. Iná LED tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ní bodè bí ti àtijọ́, èyí sì mú iṣẹ́ náà rọrùn. Fífẹ̀ àti nínípọn àwo náà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe iná kọ sílẹ̀ mu, nítorí bí ó bá nípọn jù, yóò máa ha kẹ̀kẹ́ kejì. Gígé rẹ̀ gan-an kò di dandan kí ó jẹ́ òòlù. A lè fi ásíìdì jẹ ẹ́, ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán gé irin náà sì wà. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe fún wa ni kí ó mọ ibi tí ìdè yóò wà tí ewé yóò fi jẹ́ ewé.

Ewé ẹ̀gẹ́ ni èmi yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kọ ti ń yà á sára aṣọ tipẹ́, láti inú ẹ̀gẹ́ kan náà sì ni láfún tí wọ́n fi ń yà á ti ń wá. Ìka rẹ̀ márùn-ún tàbí méje pàdé ní ojú kan; a lè gé ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a fi páànù tóóró sílẹ̀ láàárín wọn, kò sì sí ibì kan tí yóò já bọ́. Kí a fi mẹ́ta irú rẹ̀ sí orí kẹ̀kẹ́ tí ń pòòyì, ní títóbi oríṣi mẹ́ta, kí a yí lẹ́ǹsì díẹ̀ kí etí wọn má baà mú jù, kí a sì jẹ́ kí òṣèré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.